Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Gbodo

Bàbá ọkọ mi ti wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì lójúde ilé wa kí n tó bí ọmọkùnrin mi. Ibojì náà tẹ́jú, ó mọ́, oòrùn sì máa ń pa á láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ìyàwó ilé fi ń sá gbodo sórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí àrífín. Bàbá fúnra rẹ̀, nígbà tó wà láyé, kì í fẹ́ kí ibi tó dáa wà lásán. Bí mo bá ń kó iṣu gbígbẹ náà wọlé nírọ̀lẹ́, orúkọ rẹ̀ á máa yọjú sí mi díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: EVERARD.

Mo lọ sílé ìwé girama, mo sì kàwé mẹ́wàá yanjú, n kò rí ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn rí. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, bàbá ọkọ mi nìkan ló ni ín.

Mo fẹ́ràn bàbá náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn ní ìyàwó, kókó inú iyán mi tó ẹyin àparò. Ẹlòmíì á ti lọ ròyìn mi fún ará àdúgbò. Bàbá á máa ṣà wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀ o. Iyán tirẹ̀ ti bí ẹran sínú." Oyún mi ti tóbi nígbà tí wọ́n sùn tí wọn ò jí.

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n máa ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò tíì nu ọmọ náà tán tí gbogbo ilé ti ń pè é ní Babátúndé. Babátúndé mẹ́rin ló sì ti wà lágbo ilé wa! Bí o bá pe ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tí o ò níṣẹ́ fún ni yóò dáhùn. Mo ní ọmọ tèmi ò ní ṣe ìkarùn-ún. Orúkọ Bàbá gan-an ni mo fẹ́, kó má baà jẹ́ pé orí sìmẹ́ǹtì nìkan ni yóò kù sí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọ́n jẹ́ olórí agbo ilé, lọ́jọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ tó wà lórí sìmẹ́ǹtì yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yìí máa jẹ́."

Wọ́n wò mí. "Ẹ́fáráàdì?"

"Òun ni, sà."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀, sà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Géńdé ni àbúrò mi nígbà tí òyìnbó fi orúkọ yẹn ṣèrìbọmi fún un. Ó ti wọṣọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, fìlà lásán ni wọ́n dé e. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ọmọ tuntun wà. Aṣọ tí n kò mọ ohun tí wọ́n fi hun ún, n kò ní fi bò ó. Bó bá di ọjọ́ ìkómọ, sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Bó bá bójú mu, màá pè é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Babátúndé ni."

"Ìkarùn-ún," mo kùn lábẹ́lẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ṣeun, sà."

Ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bi. Omi gbígbóná ni wọ́n ń fi wẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹni tó bá ti bímọ rí mọ irú omi tí mò ń wí.

"Ìyá, kí ni Bàbá sọ pé ìtumọ̀ orúkọ ìrìbọmi àwọn?"

"Èmi tí n kò fẹnu mi pè é rí, níbo ni màá ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀?" Wọ́n da omi sí mi níkùn, mo pariwo, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ni. Bí inú wọn bá dùn, "Olówó-orí mi" ni wọ́n máa ń pe Bàbá. Bí kò bá dùn, "bàbá yìí" ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Ìyá yẹn ti ta mí lólobó. Orí mi kò sí nílé, ọmú tó wú ló gbà á.

Ọkọ mi, tí èmi àti gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà, lọ bi ọ̀gá àgbà ilé ìwé wọn. Ọ̀gá àgbà ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "onígbàgbọ́". Tíṣà ní kí ni ìtumọ̀ orúkọ ti ọ̀gá fúnra wọn. Wọ́n tún ní "onígbàgbọ́". Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé a ní láti ránṣẹ́ síwájú. Fadá òyìnbó arúgbó kan wà ní Ìsẹ́yìn, tí irun imú wọn ti funfun, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sẹ́bàá ọjà. Ìyá ọmọ tuntun kì í jáde, nítorí náà Tíṣà gun alùpùpù, ó di Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni ìkómọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé, eruku pupa ti bò ó. Kò wọlé. Ó fara ti alùpùpù rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún ni. Ẹ̀rín ni!

"Ṣé Fadá mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n."

"Kí wá ni wọ́n wí?"

"Jẹ́ kí n mu omi ná."

"Tíṣà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọmọ yìí sọ̀kò lù yín!"

Ó jókòó. Ó ní Fadá sọ pé orúkọ àwọn ará Jámánì àtijọ́ ni, kí ìgbàgbọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn pàápàá. Jagunjagun ni wọ́n nígbà náà, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n sì máa ń so pọ̀ di orúkọ ọmọkùnrin. Ó ti wá ṣọ̀wọ́n débi pé ní gbogbo ọjọ́ ayé Fadá, ẹnì kan péré tó ń jẹ́ ẹ ni wọ́n bá pàdé nílùú tiwọn.

"Kí ni ọ̀rọ̀ méjì náà?"

"Ọ̀kan ni líle. Akíkanjú, aláyà bí òkúta."

"Ẹ ṣeun Olúwa! Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹran igbó ni."

"Kìnnìún!"

"Rárá."

"Àmọ̀tẹ́kùn?"

"Sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Kí ló kù, Tíṣà?"

"Ìmàdò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Agbo ilé àgbẹ̀ oníṣu! Kò sí ẹran tí wọ́n ń ṣépè fún nílé wa tó ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó eléyín ṣóńṣó yẹn, tí yóò wọ oko lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì tú gbogbo ebè bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Òun ni mo fẹ́ lọ fi sọ ọmọ lórúkọ níwájú wọn! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí ibi tí nọ́ọ̀sì rán fún mi fi ń ta mí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pariwo "yéè", ọmọ náà jí, ó dá sí i.

Tíṣà ní kí n sọ "akíkanjú", kí n fi ẹran sílẹ̀ nígbó.

"Bàbá Àgbà á bi mí pé akíkanjú bíi kí ni."

"Sọ pé bíi bàbá rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sá fún àgbò ará àdúgbò wa?"

"Àgbò yẹn lágídí!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iyàrá ńlá kún. Wọ́n tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n tọ́ iyọ̀. Bàbá Àgbà kọjú sí mi. "Ìyàwó, a ń gbọ́."

Mo fẹ́ sọ ìdajì, Ọlọ́run mọ̀. Mo wá rántí kókó iyán tí Bàbá ṣà jẹ láì pa ojú dà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní èémí kan: Jámánì, jagunjagun, líle, ìmàdò.

Ìyálé mi àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ìmàdò wo? Èyí tó tú ebè mi?"

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní, "Ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bà'lú jẹ́!" Ẹlòmíì ní kí wọ́n yáa bi mí bóyá ọ̀yà ni èyí tí n óò bí tẹ̀lé e máa jẹ́. Ẹ̀rín tún fẹ́ gbé mi, mo fi orí ọmọ bo ẹnu.

Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n rọra ká sòkòtò wọn dé orúnkún, a sì rí àpá kan tó gùn bí ọ̀bẹ.

"Mo ṣọdẹ nígbà èwe mi," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ ń sọ kìnnìún, ta ló rí kìnnìún rí níbí? Ẹran kan ṣoṣo tó lé mi gun igi láyé mi nìyí. Ajá mẹ́fà dojú kọ ọ́, kò sá. Ó yí padà, ó kọjú sí wọn, àwọn ajá ló kọ́kọ́ délé."

Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́ lójijì. "Bàbá yìí náà ni! Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn ará ilé mi ní àwọn ò ní fi mí fún onígbàgbọ́? Ṣé ó sá? Abẹ́ igi máńgòrò ilé wa ló wá jókòó sí lójoojúmọ́, títí bàbá mi fi ní, ẹ mú un lọ, kí n ráyè gba atẹ́gùn lábẹ́ igi mi." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. "Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n."

"Ẹ́fáráàdì," Bàbá Àgbà pè é. Ilé dáhùn. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo borí! Iyọ̀ ẹnu ọmọ mú un sunkún, mo gbé e sókè, mo la ẹnu láti pe orúkọ ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Héèè!" Gbogbo ìyàwó ilé fò dìde. Ìyálé mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Orúkọ bàbá ọkọ rẹ lo fẹ́ pè gàdàgbà yẹn? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Èmi tí mi ò tíì pe ọkọ mi lórúkọ rí! Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ní Òkè-Ògùn ni mo jà gbà fún ọmọ mi, ẹnu tèmi gan-an ni kò sì gbọdọ̀ pè é. Mo wo Bàbá Àgbà. Fìlà ti bọ́ lórí wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé o mọ̀ ni," ni wọ́n wí.

Ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Má dá wọn lóhùn. Èmi àtìẹ ni a jọ wà nínú ẹ̀." Wọ́n wò ó lójú. "Akọjúsájá," ni wọ́n pè é, "ọkọ mi, dákẹ́." Ó sì dákẹ́.

Ó ti ń rìn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sá gbodo sórí sìmẹ́ǹtì, mo yíjú sẹ́yìn, ó ti gun àárín rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tú u ká bí oko olóko. Orúkọ tó kún mi lọ́fun kì í ṣe Akọjúsájá. Mo sáré lọ sẹ́nu fèrèsé.

"Tíṣà! Ẹ bá mi pe ọmọ yín o!"

Tíṣà pè é láti inú ilé, gbogbo orúkọ náà, pẹ̀lú ohùn ìwúrí. Ọmọ náà kò sá. Ó yí padà, ó kọjú sí wa, gbodo kan lẹ́nu rẹ̀, ìdí rẹ̀ lórí lẹ́tà àkọ́kọ́.