Ìjókòó Ẹnì Kan

Ẹnì-Kan-Ṣoṣo ni gbogbo abúlé ń pe mẹkáníìkì yìí, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá orúkọ náà. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn lọ sóko, ló máa ń tún ṣe. Bó bá ti parí, á gbá ìjókòó rẹ̀ pàá: "Ìjókòó yìí gùn kí ẹni tó ń wà á lè ríbi sún síwájú sẹ́yìn ni o! Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kó èrò! Ẹnì kan ṣoṣo! Ẹ dé akoto!" Àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ò rẹ̀ ẹ́.

Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni nílé òun tó máa rú òfin yẹn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin tirẹ̀ dé ọsibítù pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, tí wọ́n ní alùpùpù ló dà lé e lórí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí.

"Bíréèkì ni! Èmi ni mo tún un ṣe lánàá! Yéè, mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi!"

Ìyàwó rẹ̀, tó ní ilé lòun wà tóun fi gbọ́ ìròyìn, jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. "Ó tó, ọkọ mi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe."

Ọkùnrin náà búra pé òun ò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́ láyé. Obìnrin náà ò ní kó má búra.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ lajú. Bàbá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Bíréèkì yẹn..."

"Bíréèkì ò ṣe nǹkan kan, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ́ jáde. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọn ò fara pa? Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi. Bá a ṣe ń gun òkè, ẹ̀yìn wúwo, iwájú alùpùpù náà kàn gbéra nílẹ̀."

Háà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo tètè bẹ́ sílẹ̀ ni," obìnrin náà ní, ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Oko jìnnà, orúnkún ń dùn mí. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú."

Ó dun ọkọ rẹ̀ wọ eegun. "O gùn ún, mo gbọ́," ó ní, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o rí mi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe, o sì ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn bí ẹni pé òótọ́ ni!"