Télọ̀ Tó Gbé Áyọ́ọ̀nù Gun Ìwọ̀n

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ìwòsàn pé ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn ò kọ ni pé ojú nọ́ọ̀sì ni aláìsàn ti gbọ́dọ̀ gbé e mì, láràárọ̀, fún oṣù mẹ́fà gbáko, ọkọ̀ méjì sì lèèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Owó ọkọ̀ ò sí nínú ọ̀fẹ́.

Télọ̀ àdúgbò wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Abẹ́rẹ́ torí ó ti tín-ín-rín kí àìsàn tó dé rárá, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló ní. Kó má bàa tà á, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ wá wo ọ̀ràn: gbogbo ẹran tí oògùn ń dá padà sí i lára, ìrìn ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n, ó mirí.

"Ẹ tún ti rù, bàbá. Tó bá tún rí báyìí, a máa dá yín dúró síbí."

Owó bẹ́ẹ̀dì náà ò sí nínú ọ̀fẹ́. Tí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀rọ lọ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ délé, ó rán àpò ìkọ̀kọ̀ mẹ́rin sínú kóòtù. Ó kọ́kọ́ ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú kún un.

"Ẹ ti ń sanra," ni nọ́ọ̀sì wí, inú rẹ̀ dùn. "Béèyàn bá ṣe wúwo tó la ṣe ń ka hóró oògùn fún un. Ẹ ti kúrò ní oníhóró mẹ́ta. Ó di mẹ́rin."

Abẹ́rẹ́ wo hóró kẹrin títí. Ó tọwọ́ bọ kóòtù, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ fún eléyìí ní tiẹ̀. Òun ló ń sanra."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ̀n mi lẹ máa ń wò. Ẹ ò wo bàtà mi rí."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń kí i láti iwájú bàtà.

"Ta lẹ ń bá gbé?"

"Ìyá ìyàwó mi."

"Ṣé wọ́n ń ríran?"

"Wọ́n ń rí ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ pàápàá."

Bí wọ́n ṣe gba màmá síṣẹ́ nìyẹn, kí wọ́n máa wò ó nílé bó ṣe ń gbé oògùn mì. Oògùn ọ̀sẹ̀ kan ni Abẹ́rẹ́ ń gbà lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó sì ń rówó wọkọ̀ ọjọ́ kan náà. Láràárọ̀, màmá á fa àga sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ lanu. Ẹ gbáhọ́n sókè."

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú àpò kóòtù rẹ̀ wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.