Yàrá Tí Àwọn Ayálégbé Ń Sá Fún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ilé rẹ́ǹtì. Bàbá mi ti kú, tíṣà sì ni ìyá mi. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni a há mọ́. Ó ní bí òun kò bá rí yàrá kí ilé ìwé tó wọlé, n ó máa lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ibefun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò burú o, ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo fẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí pé à ń wá ajẹ́ńtì nígbà yẹn. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kí onílé, ẹ ó bèèrè bóyá yàrá ṣófo. Onílé á wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: ọmọ ìlú ibo ni yín? Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ń lọ? Ta ló mọ̀ yín ní Òde? Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, èmi a máa yọjú wo kànga wọn àti ilé ìdáná wọn. Ilé tó dára, agbára wa ò ká a. Èyí tí agbára wa ká, òrùlé rẹ̀ ń jò.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n júwe ilé ẹbí kan fún wa, ìyá àgbà kan ló ń mójú tó o. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan tó fẹ̀ dáadáa, owó tó pè sì kéré débi pé ìyá mi tún un bèèrè. Èmi ti rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ń dán. Mo rò pé bẹ́ẹ̀dì ni, mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀. Ó tutù, ó dùn mọ́ mi.

Ìyá mi kígbe, ó fà mí dìde. Sàréè ni! Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ń sin àgbà nílẹ̀ wa láyé ìgbà náà, kó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì, ojú rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé Ibefun ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá mi ni."

"Kí ni wọ́n máa ń tà? Ṣé wọ́n fẹ́ràn ọmọdé?"

Ó ń ṣe ìyá mi bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ìyá àgbà wá jókòó sórí sàréè náà, ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi: gàrí tó máa ń yan, bó ṣe máa ń bá ewúrẹ́ jà, ọmọ ọlọ́mọ tó máa ń pọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó ti wo yàrá yìí, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò ní padà. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyá mi rí. Tíṣà, lọ kó ẹrù rẹ wá."

Ìyá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé, wo sàréè, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà." Ibẹ̀ ni a gbé títí mo fi dàgbà.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ ọmọ mi ti ń wá yàrá. Wọ́n á rí táìlì, wọ́n á rí ilé ìwẹ̀, wọn kì í mọ ojú onílé. N ò ní kí a padà máa sin òkú síyàrá o. Ta ló fẹ́? Ìyá mi pàápàá, ìtẹ́ òkú ni a sin ín sí, lẹ́yìn ìlú. Bí mo bá lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi mí.