Tèmi Ni

Bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè bọ̀, aṣọ́lé gbọ́dọ̀ pariwo pé òun ló ni ín, kí àwọn ará ẹ̀yìn lè yà fún un. "À moi!" ni kóòṣì wa ní Sokodé, nílẹ̀ Togo, ní ká máa ké. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí Faransé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lókè orí? Ọmọ Kambolé ni mí, Yorùbá là ń sọ nílé wa. "Tèmi ni!" ló ń jáde lẹ́nu mi.

Kotokoli ni àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún mi, èdè wọn ló sì ń jẹ́ Tem. Wọ́n rò pé àwọn ni mò ń pè! Gbogbo wọn á rọ́ wá, a ó sì forí gbárí. Màá bínú, màá ní ṣé etí wọn di ni. Nígbà tó yá, ó yé wọn, ó wá di igbe gbogbo ẹgbẹ́.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn aṣọ́lé wa báyìí. Lọ́jọ́ tá a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kambolé, aṣọ́lé wa, ọmọ Kotokoli pọ́nbélé, fò sókè, ó ké: "Tèmi ni!"

Ìyá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yíjú sí mi. "Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyá, tèmi ni."