Uyán Tó Gbóná Dé Ìbàdàn

Òórùn iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná gba gbogbo ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sàn-án àná, nígbà tí Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, ṣí ìkòkò. Ọwọ́ kan ló fi ṣí i. Fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Láti àárọ̀ ló ti ń wo orúkọ àwọn yunifásítì, ó ń yàn án, ó ń pa á rẹ́. Ó wò mí láàárín ooru náà, ó ní, "Màmá, ti Ìkẹ́rẹ́ níbí náà ni n ó kúkú yàn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ ra aṣọ tí kò wù ú.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Iṣẹ́ apòògùn ló wù ú, Ìlọrin ló sì ti fẹ́ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ṣe ìdánwò àṣewọlé lọ́dún tó kọjá, wọn kò mú un. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi tó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìṣẹ̀, ti ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, owó yàrá àti owó ọkọ̀ títí orí fi ń fọ́ ọ. Tó bá lọ sí èyí tó wà nílùú wa, yóò máa ti ilé mi lọ, yóò máa jẹun nínú ìkòkò mi, yóò sì di olùkọ́. Kò sóhun tó ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Òun lèmi náà ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí n má purọ́, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, nítorí tó bá lọ, èmi àti àwọn adìẹ mi ni yóò kù nínú ilé. Òórùn iṣu yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn inú dídùn náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó kí n sọ bí wọ́n ṣe yan yunifásítì fún èmi.

Agbo ilé wa kún fọ́fọ́ nígbà náà. Igi òroǹbó kan wà láàárín àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú gbogbo ọ̀rọ̀, látorí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ onílé títí dórí ìyàwó tó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ. Tíṣà ni bàbá mi. Owó oṣù rẹ̀ máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé kó tó dé, gbèsè ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́ọ̀mi ń ta iṣu létí títì Adó. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí lẹ́nu. Lójú tirẹ̀, ayé parí sí Èmùré lápá kan, ó sì parí sí Àkúrẹ́ lápá kejì.

Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ. Mo ti gbọ́ pé ilé tí wọ́n kó ìwé sí níbẹ̀ tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, mo sì ti ń lá àlá rẹ̀. Bàbá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà nítòsí. Ó ní, "Ulé ọkọ lobìnrin í jìnnà lọ, kì í ṣe ulé ùwé." Bàbá mi wolẹ̀. Èmi sunkún títí ojú mi fi wú.

Mọ́ọ̀mi, tí kì í sọ̀rọ̀ lábẹ́ òroǹbó, ló kúnlẹ̀. "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí uyán sọ ọ́ fún wa." Uyán ni àwa ń pe iyán, ulé ùwé sì ni ilé ìwé. Ó ní òun á gún un láàárọ̀ kùtù, òun á fi ewé pọ́n ọn sínú abọ́, kí Bàbá Àgbà mú mi lọ wo Ìbàdàn. "Bó bá tutù kí ẹ tó débẹ̀, ulé ùwé yẹn jìnnà, kó má lọ. Bó bá gbóná, kò jìnnà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ti Bàbá Àgbà ló sì pọ̀ jù. Ta ni kò mọ ìwà iyán? Ó gbà lójú gbogbo wọn. Inú bí mi sí ìyá mi. Mo rò pé ó ti tà mí nù.

Bọ́ọ̀sì Sọjí, ará àdúgbò wa, ni a wọ̀. Bọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí níta níwájú. Àárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í ló wà, ìdérí irin ló bò ó, ó sì máa ń jó ni nítan. Ó ti jó Bàbá Àgbà rí, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ló fà mí lọ. Mọ́ọ̀mi gbé abọ́ iyán fún Sọjí níwájú, ó ní kó má bàa dànù. Mo sunkún dé Iléṣà. Bàbá Àgbà sùn.

Lábẹ́ igi kan lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, Bàbá Àgbà gba abọ́ lọ́wọ́ Sọjí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ti borí. Ó tú ewé. Ooru sọ sí i lójú. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó yára fà á yọ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó wo iyán, ó wò mí, ó wo géètì. Ó ní, "Hàà. Kò mà jìnnà." Ó jẹ ẹ́ tán, kò ṣẹ́ òkèlè kan kù fún mi.

Kò yẹ àdéhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ń sọ kiri Ìkẹ́rẹ́ pé ìtòsí ni Ìbàdàn wà, ó sì máa ń kó iṣu tirẹ̀ kún èyí tí Mọ́ọ̀mi ń tà fún owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Iṣẹ́ ìyanu ni mo pè é. Mo tilẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí a sin Mọ́ọ̀mi ni Sọjí, tó ti di arúgbó, fi ọ̀pá rìn wá bá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyanu kọ́ o. Yèyé ẹ ló ní kí n gbé uyán lé ẹ́ńjìnnì. Ó ní bó bá tutù, kí n má padà sí Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní òun á sunkún bí o bá lọ, àmọ́ kí o má mọ̀." Ẹkún tí mo sun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ju èyí tí mo sun nígbà tí wọ́n ní ó kú lọ.

Wọ́n ti gé igi òroǹbó náà. Ògiri ti pín àgbàlá wa, kálukú sì ń yan ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù nínú yàrá tirẹ̀. Owó tí wọ́n ń bèèrè báyìí kọjá ohun tí iṣu etí títì lè san, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí yóò ṣẹ́ kù sílé náà ló ṣì ń di oúnjẹ fún ẹni tó ń lọ.

Mo pe ọmọ mi nírọ̀lẹ́ àná. Mo ní n ó máa fi owó ìfẹ̀yìntì mi san owó ọkọ̀. Ó ní, "Màmá, Ìlọrin jìnnà o." N kò sọ ìtàn yìí fún un rí. Mo ní kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó ní Sátidé, n ó gún iyán, ewé àti abọ́ ni o, kì í ṣe kúlà. Bó bá tutù kí wọ́n tó débẹ̀, kó yan ti Ìkẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà, àfi bíi Bàbá Àgbà.

Láàárọ̀ yìí, mo rọra rìn lọ sí gáréèjì. Mo bá awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin, mo ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ yìí, ibo ló ti ń gbóná jù?"