Mọ́tò Tó Ń Rùn Bí Ẹja Díndín

Bàbá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é. Kò pa ẹja rí, kò sì tà á rí. Epo tí àwọn ẹlòmíì ti fi din ẹja ló máa ń tọrọ kiri. Á sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, á po ọtí tí ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ mu pọ̀ mọ́ sóòdà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, á dà á sí i. Bó bá tòrò tán, ohun tó wà lókè ni mọ́tò rẹ̀ ń mu dípò dísẹ́lì. Bó bá ń kọjá, ajá a máa tẹ̀ lé e.

Ìyàwó rẹ̀ kò rí i bí ohun ẹ̀rín. Dúrọ́ọ̀mù epo mẹ́rin ti gba ẹ̀yìnkùlé, kò ríbi sá aṣọ.

"Bàbá wọn, Sátidé lẹ ó gbé mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè. Bí mọ́tò yìí bá kú lọ́nà, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá kó dúrọ́ọ̀mù yín."

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í kán an. Lọ́jọ́ Jímọ̀, epo ṣì ń ta ṣàṣà lórí iná nígbà tó gbé e kalẹ̀. Ó ní omi díẹ̀ kì í pa èèyàn, ó da ọtí àti sóòdà sí i.

Ilẹ̀ mọ́, ọṣẹ ló bá.

Ìyàwó yọjú. "Ẹ fẹ́ rọ epo sí mọ́tò ni, àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́?"

"Kò tíì tòrò ni."

"Kó tòrò kẹ̀? Igi tẹ́ ẹ fi rò ó náà ló nàró yẹn!"

Gálọ́ọ̀nù kékeré kan ló kù nínú epo tó ti tòrò tẹ́lẹ̀. Yóò gbé wọn gòkè, kò lè gbé wọn bọ̀. Ó rọ ọ́, kò jẹ́ kí ìyàwó mọ̀.

Mọ́tò húkọ́, ó sín, ó dókè. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ yọ jíà, ó fẹsẹ̀ lé bíréèkì, mọ́tò ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè fúnra rẹ̀.

"Bàbá wọn, n ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ́ńjìnnì tó dáa kì í pariwo."

"Òkú náà kì í pariwo."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n délé, ilẹ̀ tẹ́jú, mọ́tò dúró. Ọkọ ń wo iwájú bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀, ó so ìró rẹ̀ le, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Kí lò ń ṣe?"

"Láàárọ̀ yìí ni mo fi yín fọ́nnu fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kó wá gbọ́ pé ojú ọ̀nà la sùn? Dúrọ́ọ̀mù méjì á lọ, méjì á dúró."

"Kí mẹ́ta dúró," ọkọ wí látìdí ọkọ̀.

Mọ́tò ò yí mọ́.

"Méjì náà dáa," ló wí.

Mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.