Ìwé Tí Màmá Akínfẹ́nwá Kà ní Kérésìmesì

Bí Kérésì bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Festac, Màmá Akínfẹ́nwá ló máa ń ka ìtàn àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní ìsìn orin àti ìwé kíkà. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlùfáà fi ń wá, tí wọ́n ń lọ, tí ẹnikẹ́ni kò dábàá pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Obìnrin tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tẹ̀wé lórí táípùráítà fún ìjọba àpapọ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe àṣìṣe ẹyọ kan lórí bébà, yóò fà á ya ni, yóò sì tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ojú tó fi ṣe iṣẹ́ náà ló wá ń dalẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fa kọ́tìnnì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú ti sọ fún un pé èyí tó lọ kò ní padà mọ́. Nígbà tí ọdún 2006 fi ń parí lọ, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ló kù fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìfọ́jú nìkan kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ọláńrewájú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Àbújá, ti sọ ọ́ lórí fóònù: "Màmá, tí ojú yín bá ti di wàhálà, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀ o. A máa gbé fúláàtì yẹn fún ayálégbé."

Fúláàtì yẹn! Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ló jọ wọ ibẹ̀ nígbà tí ìjọba fi ìbò pín ilé Festac. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ògiri ibẹ̀. Ní Festac, bí kò tilẹ̀ ríran, ó mọ ọ̀nà. Ní Àbújá, orí àga ni yóò máa jókòó sí, tí yóò máa retí ẹni tí yóò mú un lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nítorí náà, ó ń fi í pa mọ́. Ó ń ti ìka bọ inú ife kí omi má baà kún jù. Ohùn ló fi ń mọ èèyàn. Bí ó bá kọjá lára ojúlùmọ̀ láìkí i, tí wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, kì í jiyàn. Ó sàn kí wọ́n pè é ní agbéraga.

Ṣùgbọ́n Tèmilọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ijegun-Egba, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wá kí i lọ́jọ́ kan, màmá sì po tíì fún un. Iyọ̀ ló bù sí i dípò ṣúgà. Tèmilọlá tọ́ ọ wò, ó gbé ife kalẹ̀.

"Màmá, Bọ̀dá mi ní kí n máa wo ojú yín dáadáa. Tí ẹ bá ka ìwé yín ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ ẹ ṣe máa ń kà á, mo máa sọ fún wọn pé kò sí ìṣòro. Tí ẹ ò bá lè kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa jà o."

"Èmi? Èmi tí mo kọ́ ẹ ní A, B, D?" Màmá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe jáde báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá rédíò rẹ̀ kiri.

Ó ní kásẹ́ẹ̀tì Ìwé Mímọ́ kan tó rà ní Mazamaza nígbà tó ṣì ń ríran. Àárọ̀ àti ọ̀sán ló ń gbọ́ ọ, títí ìtàn náà fi mọ́ ọn lẹ́nu bí orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ìsìn náà pé. Ìjókòó iwájú ni Tèmilọlá lọ jókòó sí, kí ohunkóhun má baà fo òun. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Màmá Akínfẹ́nwá, ó rọra ń fọwọ́ kan orí ìjókòó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí àwọn èèyàn, títí ó fi dé ibi ìkàwé. Ó ṣí ìwé. Ó gbé ìka lé e. Ohùn rẹ̀ ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dùn, ó mọ́ gaara.

Ó ti dé ibi tí áńgẹ́lì ti ní kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn má fòyà. Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ṣókùnkùn.

Kì í ṣe bàìbàì mọ́. Dúdú kirimù ni. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ohùn rẹ̀ tó ń dún kárí ṣọ́ọ̀ṣì rẹlẹ̀ wálẹ̀, ó sì gbọ́ tí ìjọ mí kanlẹ̀, "Háà!" Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó ti tán. Ìwọ̀nba tó kù ti lọ, lójú gbogbo ayé ló sì ti lọ. Ikú ọkọ rẹ̀ pàápàá kò bà á lẹ́rù tó báyìí. Ó fẹ́ kígbe pe Tèmilọlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, Àbújá ni. Ó di tábìlì ìkàwé náà mú, ó gbé ohùn sókè, ó ń kà á lọ, títí àwọn olùṣọ́-àgùntàn fi dé ibùjẹ ẹran. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Bí ó ti parí ni ìmọ́lẹ̀ bàìbàì náà padà dé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìjọ bú sí àtẹ́wọ́.

Àlùfáà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi dúpẹ́ fún Màmá! NEPA mú iná, ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, Màmá ò tiẹ̀ dúró! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti wà nínú wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi iná ṣe?"

Àlùfáà ti ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún un. Ká ní ó tẹrí ba, kó sì lọ jókòó, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtura kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú.

"NEPA?" Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé ẹnu ọ̀nà. "NEPA ni? Ṣé iná lásán ni wọ́n mú ni?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láti iwájú lọ sẹ́yìn, títí ibi gbogbo fi dákẹ́. Ó gbọ́ bàtà tó ń bọ̀. Ó mọ ẹni tó ni ín.

Tèmilọlá di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Màmá yí ẹnu kúrò lára ẹ̀rọ náà.

"Má sọ fún Ọláńrewájú. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Tèmilọlá fa imú.

"Ẹ rọra, Màmá," ó ní. "Àtẹ̀gùn wà níwájú yín."